Olmedo, Bolívar, àti Òkú Ọba Inca

Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí a kọrin yìn tó mú kálàmù láti fi ibi tí orin náà kù sí han ẹni tí ó kọ ọ́. Àwọn ọba tí ó fi aṣọ àti ẹṣin ta arọ́kin lọ́rẹ pọ̀ nínú ìtàn. Àwọn tí ó bínú sí i, tí wọ́n sì lé e jáde ní ìlú, kò kéré níye. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1825, ní ìlú Cuzco ní ilẹ̀ Perú, Simón Bolívar, ẹni tí ó ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà kúrò lọ́wọ́ ọba Spáníà, jókòó láàárín iṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìwé méjì sí José Joaquín de Olmedo láti sọ àbùkù tí ó rí nínú orin tí Olmedo fi yìn ín. Orin náà ni La victoria de Junín, èyí ni Ìṣẹ́gun ní Junín. Àwa ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá wa yẹ orin náà wò pẹ̀lú àwọn ìwé wọ̀nyí, nítorí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ̀wé fún orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde: baba ta ni a ó pè láti súre fún olórí tuntun?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹrú ẹnu ọ̀nà ààfin ni Olmedo í ṣe. Guayaquil, ìlú ọkọ̀ ojú omi, ni a bí i sí ní 1780. Ní 1812 ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣojú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìgbìmọ̀ aṣòfin Spáníà ní Cádiz, níbẹ̀ ni ó sì ti dìde sọ̀rọ̀ lòdì sí mita. Mita ni iṣẹ́ àfipáṣe tí a ń kó ọmọ onílẹ̀ lọ ṣe ní ìpín-ìpín, nínú ihò tí a ti ń wa fàdákà àti níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ni ó lọ tí kò padà wá sílé. Ìgbìmọ̀ náà fi òfin pa á rẹ́ ní ọdún yẹn. Nígbà tí Guayaquil gba òmìnira ní oṣù kẹwàá 1820, Olmedo ni a fi ṣe olórí ìjọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 1822 Bolívar dé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀, ó sì so ìlú náà mọ́ Colombia. Olmedo kò fara mọ́ ọn. Ó fi ìlú sílẹ̀, ó lọ sí Perú. Kò pé ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin Perú fi rán an, pẹ̀lú ẹnìkan, kí wọ́n lọ bẹ Bolívar yìí kan náà pé kí ó wá gbà wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ orin yìí ti mọ agbára ẹni tí ó ń yìn, lára ìlú ara rẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ogun méjì ni ó fọ́ agbára Spáníà ní Perú. Èkíní ni ti Junín, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1824, Bolívar fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣáájú. Èkejì, tí ó tóbi ju èkíní lọ, ni ti Ayacucho, ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún kan náà. Sucre ni ó ja èyí ní àjàṣẹ́gun, Bolívar kò sí níbẹ̀. Báwo ni a ó ti kọ orin kan ṣoṣo tí ìyìn Bolívar yóò borí nínú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀gágun rẹ̀ ni ó ni ìṣẹ́gun ńlá? Olmedo wá ọ̀nà. Ó mú kí Huayna Cápac, ọ̀kan nínú àwọn Inca tí ó jọba ní Cuzco kí àwọn ará Spáníà tó gba ilẹ̀ náà, fara hàn lójú ọ̀run ní alẹ́ ọjọ́ ogun Junín. Òkú ọba yìí ròyìn ìyà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti jẹ, ó sì sọ tẹ́lẹ̀ pé ogun mìíràn ń bọ̀ ní Ayacucho. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ti kọjá nígbà tí akéwì ń kọ̀wé ṣe di ohun tí ń bọ̀ ní ẹnu òkú. Ọgbọ́n ni èyí, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òkú tí a jí dìde kí ó lè so ogun méjì pọ̀ sọ̀rọ̀ títí, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó padà sí ibojì. Nínú orin tí ó ju ìlà 800 lọ, apá tí ó pọ̀ gidigidi ni ó gbà fún ara rẹ̀.

Ìwé Bolívar ti ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1825 kún fún àwàdà. Ó ní Olmedo yin ìbọn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti yin ìbọn. Òtítọ́ ni: idà àti ọ̀kọ̀ ni àwọn ẹlẹ́ṣin fi jà ní Junín, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà ní orí òkè gíga, a kò sì gbọ́ ìró ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni àrá ń sán láti ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ó tún ní akéwì ti sọ òun di Jupiter, ó ti sọ Sucre di Mars, ó sì ti fi orúkọ àwọn akọni inú ìwé Homer wọ àwọn ọ̀gágun yòókù. Àwa rẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni. Olùkọ́ tí ó bá ti ka àròkọ tí àwọn ọmọ kọ láti fi yin ọ̀gá wọn yóò mọ̀ ọ́n: bí a bá ti sọ gbogbo ènìyàn di òrìṣà tán, kò sí ẹni tí a lè dá mọ̀ mọ́.

Ìwé kejì, ti ọjọ́ 12 oṣù keje, kò ṣe àwàdà tó bẹ́ẹ̀. Bolívar ní ariwo ìbẹ̀rẹ̀ orin náà pọ̀ jù, àti pé Inca yìí ti gba ipò akọni mọ́ ẹni tí a ní a ń yìn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé lè rí ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀kẹta kún un, èyí tí àwa kò tíì rí irú rẹ̀ lẹ́nu olórí ìlú kankan nípa orin ìyìn ara rẹ̀. Ó béèrè bí ó ti lè tọ́ kí ọba yìí máa yin ẹ̀sìn tí ó pa á run, ì báà ṣe ní ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àti pé èéṣe tí kò fi fẹ́ kí ìtẹ́ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, tí ó fi ń fi ojúrere hàn sí àwọn àjèjì, tí ó jẹ́ pé, bí wọ́n tilẹ̀ gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọmọ àwọn tí ó pa ìjọba rẹ̀ run ni wọ́n í ṣe.

Kò sí Yorùbá kan tí kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ sí. A kì í fi oríkì orílẹ̀ Olúfẹ̀ ki ọmọ Oníkòyí. Bí arọ́kin bá fẹ́ ki ọba, baba ọba náà ni yóò pè, àti baba baba rẹ̀. Bí ó bá ṣì í pe baba ẹlòmíràn, ìyá àgbà tí ó jókòó ní igun ilé yóò kọ́kọ́ dá a lẹ́kun. Ìlú Caracas ni a bí Bolívar sí, láti ilẹ̀ Spáníà ni àwọn baba ńlá rẹ̀ sì ti wá. Ta ni Huayna Cápac sí i? Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a ro ti Olmedo náà. Bí ó bá fẹ́ pe àwọn baba Bolívar ní tòótọ́, àwọn ọ̀tá tí a ń bá jà gan-an ni ì bá pè. Àwọn tí ó ń dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní apá ilẹ̀ ayé yẹn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà nípa ibi tí a bí wọn sí, wọn kì í ṣe ọmọ rẹ̀ nípa ìran. Nítorí náà wọ́n lọ yá baba lò. (Ìdí mìíràn tilẹ̀ wà tí ọmọ Guayaquil kò fi yẹ kí ó yára yá Inca yìí: òun ni ó fi ogun tẹ ilẹ̀ àríwá yẹn lórí ba fún Cuzco, ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ níbẹ̀ kò sì kéré.)

Ẹ̀yin tí ń ka Bíbélì yóò rántí òkú mìíràn. Nínú Ìwé Sámúẹ́lì kìíní, orí 28, Sáúlù mú kí obìnrin Éńdórì gbé Sámúẹ́lì dìde fún òun nítorí ogun ọjọ́ kejì. Sámúẹ́lì kò súre fún un. Ó bi í léèrè ìdí tí ó fi yọ òun lẹ́nu, ó sọ fún un pé ìjọba ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ní ọ̀la òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wà pẹ̀lú òkú. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, kò ju ìwọ̀nba ẹsẹ lọ, Sáúlù sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Òkú Éńdórì ní ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ láti sọ. Òkú Junín, iṣẹ́ akéwì ni ó wá jẹ́.

Àmọ́ kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí Inca bá fi ìsúre sílẹ̀, tí ó sì yíjú sí àwọn tí ó gba ilẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ a yí padà. Ó béèrè ohun tí wọ́n fi fún àwọn ènìyàn òun, yálà ìmọ̀ tàbí òfin tàbí ẹ̀sìn; ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé ìtàjẹ̀sílẹ̀ àti ọta ìbọn àti ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ṣe sákírámẹ́ńtì. Ẹni kan ṣoṣo ni ó yọ sílẹ̀, Bartolomé de las Casas, àlùfáà tí ó tẹ ìwé jáde ní 1552 láti fi ìwà búburú àwọn ará Spáníà hàn. Àwa tí a ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fo ibi yìí. Ibẹ̀ ni orin náà ti dára jù lọ, nítorí ẹni tí ó dúró ní Cádiz ní 1812 ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun kan ni Olmedo kò fi kún un: pé Las Casas, nínú ìyọ́nú rẹ̀ sí àwọn onílẹ̀, gbani nímọ̀ràn nígbà kan pé kí a kó àwọn ènìyàn dúdú wá ṣe ẹrú ní ipò wọn. Ó kábàámọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì kọ àbámọ̀ náà sílẹ̀. Àwa tí a kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun ní láti mọ̀ ọ́n.

Ǹjẹ́ Bolívar, tí ó béèrè ìdí tí Inca kò fi fẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ padà, fẹ́ kí ó gbà á padà bí? Ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1825, ọjọ́ 8 péré ṣáájú ìwé kejì yìí, ní Cuzco kan náà, ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá mú ọmọ onílẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Àṣẹ rere ni. Ní ọjọ́ náà gan-an ó pa oyè àti agbára àwọn cacique rẹ́, àwọn baálẹ̀ onílẹ̀ tí ìjọba Spáníà pàápàá ti fi sílẹ̀ lórí oyè wọn. Ojú rẹ̀ rí àbùkù orin náà kedere. Ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣe ohun tí orin náà ṣe. Ní ọdún kejì, 1826, ìjọba Perú dá owó-orí àwọn onílẹ̀ padà, a kò sì mú un kúrò títí di 1854. Nínú orin Olmedo, Sucre àti Córdova àti Miller àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni ó wà láàyè tí a dárúkọ wọn. Ẹni tí a jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ fún àwọn onílẹ̀ ti kú láti nǹkan bí 300 ọdún.

Olmedo gba ìwé méjèèjì. Ó tún orin náà ṣe, ó tilẹ̀ fi ìlà kún un, a sì tẹ̀ ẹ́ ní London àti ní Paris ní 1826. Ṣùgbọ́n kò lé Inca lọ. Àwa gbà pé ó tọ́ kí ó dá a sí, nítorí bí a bá yọ ọ́, ariwo Jupiter nìkan ni yóò kù. Ohun tí ì bá ṣe ni kí ó jẹ́ kí ọba náà dákẹ́ lẹ́yìn tí ó ti sọ ìyà rẹ̀ tán, kí ẹlòmíràn súre.

Bolívar kú ní Santa Marta ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 1830, nígbà tí Colombia rẹ̀ ti ń tú ká. Ní ọdún yẹn Guayaquil bọ́ sí abẹ́ orílẹ̀-èdè tuntun, Ecuador. Ọ̀gágun Flores ni olórí rẹ̀, Olmedo sì ni igbákejì. Ní 1835 Flores ṣẹ́gun ní Miñarica. Ará Spáníà kan kò sí lójú ogun náà, ọmọ ilẹ̀ kan náà ni ó ń pa ara wọn. Olmedo tún kọ orin ìyìn, orin tí èdè rẹ̀ dán, tí ó dùn-ún gbọ́ létí, tí orúkọ Flores sì wà ní orí rẹ̀. Ní 1845 Guayaquil dìde sí Flores, wọ́n sì lé e kúrò ní ilẹ̀ náà. Ènìyàn mẹ́ta ni a fi ìjọba lé lọ́wọ́ ní ipò rẹ̀. Olmedo, ẹni ọdún 65, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orin Miñarica ti jáde tipẹ́ nígbà náà, kò sì sí bí ó ti lè pè é padà.