Ta Ni Èèpo Ìwé Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìwé ìròyìn náà ní ojú tirẹ̀, èèpo iwájú rẹ̀ sì ni. Ẹni tó bá ń kọjá níwájú àtẹ olùta ìwé ìròyìn kì í pẹ́ kó tó pinnu bóyá òun máa dúró tàbí òun máa bá tòun lọ. Láàárín ìṣẹ́jú bíńtín yẹn, èèpo ìwé gbọ́dọ̀ ti bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni èèpo àwọn ìwé ìròyìn orin kéékèèké tí à ń rí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwọn tó máa ń jáde nígbà ọdún, nígbà tí olórin bá ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwo tuntun, tàbí nígbà tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí ńlá. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni èèpo yẹn ń bá sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun nìkan kọ́. Orúkọ ìwé wà lókè, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tó ní òjìji lẹ́yìn. Olórin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tẹ ìwé náà wà láàárín, ó di makirofóònù mú, ṣùgbọ́n kò tóbi ju olóṣèlú tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ lọ. Àwọn ojú mìíràn yí i ká: alága, ìyálọ́jà, pásítọ̀, olóyè, oníléepo, oníkálukú pẹ̀lú oyè rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò. Nísàlẹ̀, àkọlé márùn-ún wà ní àwọ̀ márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ìkíni kú oríire. Mo ka ojú tó wà níbẹ̀, ó jẹ́ mẹ́tàlá.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ orí èèpo yìí, kò sí ẹyọ kan tó dojú kọ ẹni tó fẹ́ fowó rẹ̀ ra ìwé. Kò sọ fún un pé orin tuntun yìí yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kò sọ pé òun máa rí ìtàn kan kà tí kò gbọ́ rí. Àwọn tó ti sanwó ni wọ́n ń kí. Òǹkàwé wá dà bí ẹni tó yà sí òde tí wọn ò pè é sí.

Ó rọrùn láti bú dìsáínà. Àwọn kan á ní kàlẹ́ńdà ló ṣe, kì í ṣe èèpo ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi CorelDRAW ṣiṣẹ́ mọ bọ́rọ̀ ṣe rí. Oníbàárà dúró sẹ́yìn àga, ó ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà: "Bọ̀dá, ẹ gbé fọ́tò Chief sókè díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó hàn dáadáa, àwọn ló gbé owó kalẹ̀." Ẹlòmíràn tún pè lórí fóònù pé wọ́n gbàgbé ti Màmá. Ọ̀la ni ìfilọ́lẹ̀, pírínítà sì ti ń dúró. Ọwọ́ kan náà ló ṣe ìwé ètò ìsìnkú láàárọ̀, tó ṣe fléèsì ìgbéyàwó lọ́sàn-án. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Àwọn tó ń gbèjà irú èèpo yìí máa ń sọ pé àṣà wa ni. Wọ́n ní orin Yorùbá kò lè ṣe kó má dárúkọ èèyàn. Òótọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ jùjú mọ̀ pé olórin á kọrin títí, á wá yà sọ́dọ̀ ẹni tó pè é sí òde, á kì í, á kí ìyàwó rẹ̀, á kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Bó bá dárúkọ Lágbájá tó fo Tàmẹ̀dò, ọ̀rọ̀ dìjà. Láyé àwo ńlá, ẹ̀gbẹ́ kan àwo jùjú lè jẹ́ eré kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo páálí tí wọ́n ń kó àwọn àwo yẹn sí. Ẹ jẹ́ ká mú ti ọmọ Oǹdó tó lókìkí jù nínú wọn, King Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó tí wọ́n bí sí Òṣogbo ní 1946. Lórí ọ̀pọ̀ páálí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wà níwájú, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Àwọn ọlọ́lá tó kì wà nínú orin. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn, kó gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àṣà jùjú ló ní ká to ojú mẹ́tàlá sórí èèpo, kò wo páálí jùjú dáadáa.

Mo rò pé àwọn tó ṣe páálí wọ̀nyẹn mọ ohun kan tí àwa ti ń gbàgbé: etí àti ojú kì í jẹun bákan náà. Etí ń gba nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí olórin bá kí èèyàn mẹ́tàlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, òun nìkan ló wà láyé. Ìyá ìlù ń bá a sọ̀rọ̀, gìtá ń dá a lóhùn. Ojú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ojú ń gbá gbogbo nǹkan mọ́ra. Bí o bá to ojú mẹ́tàlá sórí ìwé kan, wọ́n dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń ti ara wọn. Chief tó sanwó kí wọ́n lè rí i, wọn ò rí i. Ohun tó jẹ́ ọlá nínú orin ti di èrò ọkọ̀ lórí ìwé.

Sunny Adé fúnra rẹ̀ jẹ́ ká rí i pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ló ń pinnu bí iṣẹ́ ṣe máa rí. Nígbà tí Island Records gbé àwo Juju Music jáde fún un ní 1982, tí wọ́n fẹ́ tà á fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, orin méje ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe eré gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bíi tilé. Olórin kan náà ni, gìtá kan náà ni. Olùgbọ́ ló yí padà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé èèpo tó kún kò dára. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní lè yin Lemi Ghariokwu, ẹni tó ṣe èyí tó ju ogún lọ nínú èèpo àwo Fẹlá. Ẹ wo Alagbon Close, tó jáde ní 1974 nígbà tí Lemi ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Fẹlá wà níbẹ̀ tó ń jó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti já lọ́wọ́ rẹ̀. Àtìmọ́lé ti fọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ilé Kàlàkútà dúró digbí. Nínú omi, ẹja àbùùbùtán ń dojú ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá dé. Nǹkan pọ̀ lórí èèpo yẹn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ: ó ti já. Ohun tó bá wà níbẹ̀ tí kò ran gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ kò sí. Bákan náà ni Beasts of No Nation ti 1989, níbi tó ti hu ìwo sí Thatcher, Reagan àti Botha lórí. Ojú èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sanwó kó tó wà níbẹ̀.

Lemi ti ṣàlàyé lọ́pọ̀ ìgbà pé òun máa ń gbọ́ orin náà kí òun tó ya àwòrán rẹ̀, àti pé èrò tòun nípa orin ni òun ń yà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Adéyẹmí, Oǹdó, mú lọ́wọ́. Mélòó nínú wa ló gbọ́ orin tá a fẹ́ ṣe èèpo fún? Fọ́tò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí dìsáínà lórí WhatsApp. Wọn kì í fi orin ránṣẹ́.

Èèpo kan tún wà tó dá dúró sí òdìkejì ti Lemi. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1981, Rolling Stone gbé àwòrán John Lennon àti Yoko Ono jáde, èyí tí Annie Leibovitz yà ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1980, wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn pa Lennon. Lennon wà níhòòhò, ó ká mọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Yàtọ̀ sí orúkọ ìwé ìròyìn náà, kò sí àkọlé kankan. Ìjà nípa ẹni tó yẹ kó wà lórí èèpo wáyé níbẹ̀ náà: Lennon nìkan ni ìwé ìròyìn náà fẹ́, òun ló fárí gá pé ìyàwó òun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ayàwòrán kò kàn gbé fọ́tò kejì sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó wá bí àwọn méjèèjì ṣe máa di ọ̀rọ̀ kan. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ bọ́ra sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹni méjì bá gbọ́dọ̀ wà lórí èèpo, iṣẹ́ dìsáínà ni láti wá ìdí tí wọ́n fi wà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà ń bẹ. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti rí i tí wọ́n kọ AWO TUNTUN sórí èèpo, láìsí àmì ohùn? Ṣé àwo orin ni, àbí awo tí à ń ṣe nínú igbó? Dìsáínà á ní àmì ń ba ẹwà lẹ́tà jẹ́. Ẹ̀sùn yẹn ní ìdí. Lẹ́tà "ẹ" ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Àmì òkè la máa ń gbé lé e lórí lọ́tọ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ bó ṣe máa gbé e, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà tó fẹ́ já bọ́. Ojútùú rẹ̀ ni ká wá fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá, wọ́n wà, a ò sì fowó ra gbogbo wọn. Bí a ò bá rí èyí tó wù wá, orúkọ ìwé kò ju lẹ́tà mélòó kan lọ, ọwọ́ lè yà á. Ohùn ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Kò ní lẹ́tà kankan lẹ́nu. Ìwé ìròyìn orin tó bá yọ àmì ohùn kúrò lórí èèpo rẹ̀ ti yọ orin kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ká tún rántí pé lóde òní, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa kọ́kọ́ rí èèpo náà, kí wọ́n tó rí i lórí àtẹ ní Ọjà Ọba, bí wọ́n bá rí i níbẹ̀ rárá. Kí dìsáínà sún iṣẹ́ rẹ̀ kéré títí tó fi máa tó páálí ìṣáná, kó wá wò ó. Ojú mẹ́tàlá á ti di ẹ̀wà. Ojú kan, orúkọ kan àti ìbéèrè kan á ṣì hàn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní: ta ló máa wá san owó ìtẹ̀wé? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní kí wọ́n lé onígbọ̀wọ́ lọ. Ẹ ṣe fún wọn bí olórin ṣe ń ṣe. Ẹ gbé wọn wọ inú ìwé, kẹ́ ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò ńlá àti oríkì rẹ̀. Ẹ ta èèpo ẹ̀yìn fún ẹni tó bá lówó jù. Chief tó rí ara rẹ̀ ní odindi ojú ewé á dúpẹ́ ju èyí tí wọ́n há mọ́ abẹ́ apá pásítọ̀ lọ. Èèpo iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ má tà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Bó bá jẹ́ pé owó ló ń gbé èèyàn dé iwájú ìwé, a ti mọ ẹni tí kò ní débẹ̀ láéláé. Ta ló máa sanwó fún Orlando Owoh, tó ti kú láti 2008? Ta ló máa sanwó fún Comfort Ọmọge, tó gbé orin àsìkò àwọn Ìkálẹ̀ dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù? Ọmọ ogún ọdún pọ̀ ní Àkúrẹ́ tí wọn ò mọ̀ ọ́n lójú, tí wọ́n sì máa mọ ojú kọmíṣọ́nnà tó wà lórí èèpo oṣù yìí. Dìsáínà tó bá gbé ojú obìnrin yẹn síwájú, kó tóbi, kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ti ṣe ohun tí kò sí onígbọ̀wọ́ kankan tó máa ní kó ṣe.