Ọmọńdinrín Lára Ìhà

Ọ̀gá mi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Títí di òní, n kò lè gbé próòbù síkáànù lé aláìsàn níkùn kí n má gbọ́ ohùn wọn létí: "Dókítà, ọmọńdinrín rẹ dà?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí mo ń kọ́ ní síkáànù ẹ̀bá ibùsùn ti mọ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tán kí n tó dé. Wọ́n mọ̀ pé dúdú ni omi àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì ń yọ. Wọ́n mọ àlàfo àárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tó ń jẹ́ orúkọ Morison, oníṣẹ́-abẹ Newcastle ayé àtijọ́. N kò ní tún ìyẹn rò. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni tèmi.

Bí kíndìnrín bá yọ láàárín egungun ìhà méjì, ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ègé pẹlẹbẹ kan ni ẹ̀rọ ń fi hàn wá, bí ẹni gé iṣu lẹ́ẹ̀kan tó ń wo ojú ibi tó gé. Ìyókù iṣu ṣì ń bẹ níbẹ̀. Fi ọmọńdinrín ti ìhà aláìsàn, kí ó wúwo díẹ̀, kí orí próòbù má kúrò lójú kan. Ìdí rẹ̀ nìkan ni kí o máa tẹ̀ síwájú, díẹ̀díẹ̀, títí kíndìnrín yóò fi pòórá pátápátá. Kí o wá dá a padà, kí ó pòórá lápá kejì. Ọwọ́ tí kò fara ti nǹkan yóò yọ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì. Bó bá ti yọ̀, ibòmíràn lò ń wò, ọkàn rẹ yóò sì máa sọ fún ọ pé o kò tíì kúrò níbi tí o wà.

Kóró agbálùmọ̀ ni ọ̀gá fi kọ́ wa. Wọ́n á sọ ẹyọ kan sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n á bomi kún un, wọ́n á so ó lọ́rùn. "Mo fẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì." Kóró yẹn pẹlẹbẹ, bí o bá sáré, ìlà kan lo máa rí, o ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ ni tàbí ìdí. Odindi ọ̀sán kan, kóró kan. Inú ń bí mi nígbà náà.

Inú tún ń bí mi báyìí, sí nǹkan mìíràn. Próòbù tí a ń kì bọ fóònù dára, ó ń wọ abúlé tí iná kò dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n ń fún èèyàn ní sátífíkéètì nírọ̀lẹ́! Akẹ́kọ̀ọ́ á ya àwòrán kan ṣoṣo, á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Sà, ṣé ó mọ́?" Àwòrán kan kò lè sọ pé ikùn mọ́, pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ó dákú nílé, wọ́n gbé e wọlé lóru. Mo dá àwòrán dúró, mo ní, "Ó mọ́, mà." Ọ̀gá kò fèsì. Wọ́n fi ọwọ́ wọn bo tèmi, wọ́n fà á wálẹ̀ ní àlàfo ìhà kan, wọ́n fi ọmọńdinrín mi ti ara ọmọ náà. "Mí sínú, ọmọ mi. Dì í mú." Ẹ̀dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rọra tẹ ìdí próòbù. Níbi tí ẹ̀dọ̀ ti pin, tó rí ṣóńṣó, ìlà dúdú kan yọ, tín-ín-rín bí tìróò. Ẹ̀jẹ̀ ni. Oyún tó dúró sí ìta ilé-ọmọ ló bẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un; ó yè.

Ìlà tìróò yẹn ni mo ń wá lára gbogbo ẹni tí mo bá gbé próòbù lé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà lẹ́nu síkáànù nígbà tí iná lọ, tí ẹ̀rọ bọ́ sórí bátìrì. Mo ní kó ṣe kíá. Ọmọńdinrín rẹ̀ kò kúrò lára ìhà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "kíndìnrín ò tíì tán."