Ọ̀gá Tó Ń Jí Láptọ́ọ̀pù Dìde ní Garrison

Ní Garrison, lójú Ọ̀nà Aba ní Port Harcourt, ẹni tó bá ń wá alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ rí i. Èyí tó máa ń ronú kó tó tú ìdè ló ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ tó ní ó ti kú, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: ta ló lò ó kẹ́yìn? Ṣé fáànù ṣì ń dún? Ṣé omi dà sí i? Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń béèrè ti omi, nítorí àwa oníbàárà máa ń parọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mítà. Ṣájà láptọ́ọ̀pù púpọ̀ ń gbé bíi fólútì 19 jáde. Bí mítà bá ka òdo, ọ̀rọ̀ bùṣe, ẹ lọ ra ṣájà. Bó bá dára, á yọ ṣájà àti bátìrì, á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó há sínú pátákó lè jáde tán. Òkú púpọ̀ ń jí níbẹ̀. Bí kò bá jí, ó di kó máa wo iná Caps Lock tó ń ṣẹ́jú, kó máa ka igbe “píì, píì” tí ẹ̀rọ ń ké. Bó bá jẹ́ RAM ló ń ké sí, á yọ ọ́, á fi ìrésà ọmọ ilé-ìwé nu eyín rẹ̀, á tì í padà títí yóò fi ró “kẹ́”.

Fáànù ìlú yìí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Láti òpin 2016 ni èéfín dúdú ti di wàhálà ní Port Harcourt, tí wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì láìgbàṣẹ. Ohun tó bá ń wọ imú wa, kí ni yóò ní kó má wọ inú ẹ̀rọ?

Ibi tí ẹnu ti ń yà mí jù ni bí ọ̀gá yìí ṣe ń wá ibi tí iná ti gbé já sílẹ̀ lórí pátákó. Yóò ta sípírítì sórí rẹ̀, yóò rọra fi fólútì kan péré sí i, yóò tẹjú mọ́ ọn. Ibi tí sípírítì bá ti kọ́kọ́ gbẹ ló ti ń gbóná, ibẹ̀ sì ni kàpásítọ̀ tó bàjẹ́ wà, ohun tí kò ju hóró yanrìn lọ.

Ọmọbìnrin kan gbé tòkunbọ̀ Lọ́ńdọ̀n dé. Ẹ̀rọ tàn, àmọ́ ó kọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń búra pé òun ò gbàgbé. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, fọ́mátì ló kàn, kí gbogbo fáìlì rẹ̀ sì bá a lọ. Ọ̀gá yìí kò béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ó ní, “Sísítà, ṣé @ wà nínú ẹ̀?” Ó wà. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́, kó sì tẹ àwòrán ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun kọjú sí ìta. Ibi tó ti tẹ @, àmì “ ló jáde. Àwọn àmì méjèèjì yìí gba àyè ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù Lọ́ńdọ̀n àti ti Amẹ́ríkà, ti Amẹ́ríkà ni Windows rẹ̀ sì ń lò. Ọ̀gá tẹ ENG nísàlẹ̀, ó mú ti Lọ́ńdọ̀n, ọmọ wọlé.

Ohun kékeré ló sábà máa ń dá ẹ̀rọ dúró. Ní July 19, 2024, fáìlì kan tí CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ ló dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọwọ́ èèyàn ló pa fáìlì náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tàn.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà rí i pé wọn ò tú ìdè kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó wálẹ̀. Ní tèmi, owó tí ọ̀gá dá lé e kéré jù. Ó gba èyí tó fún un, àmọ́ kò jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ lọ àfìgbà tó kó iṣẹ́ àṣekágbá ilé-ìwé rẹ̀ sórí fíláàṣì.