Gbọ̀ngàn Ìlú Brussels àti Ẹ̀sùn tí Kò Tọ́

Wọ́n máa ń pa á nítàn pé nígbà tí ẹni tó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú Brussels ní Bẹ́ljíọ̀m rí i pé ilé ìṣọ́ rẹ̀ kò bọ́ sí àárín gbùngbùn, ó bẹ́ sílẹ̀ láti òkè, ó sì kú. Èmi kò gba ìtàn yìí gbọ́, nítorí ilé náà fúnra rẹ̀ ta kò ó. Apá òsì ni a kọ́kọ́ kọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní 1421, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́ wọ ìjọba ìlú, tí í ṣe ti àwọn ọlọ́lá nìkan tẹ́lẹ̀. Ní 1444 ni a fi ìpìlẹ̀ apá ọ̀tún lélẹ̀, òun ló sì kúrú jù. Lẹ́yìn náà ni Jan van Ruysbroek gbé ilé ìṣọ́ náà dé nǹkan bíi mítà 96; ó parí ní 1455.

Ta ni ká wá dá lẹ́bi? Bí ọmọ bá pọ̀ nínú agboolé, a ó fi yàrá kún yàrá. Iná ìbọn àgbá àwọn ará Faransé jó inú gbọ̀ngàn náà ní 1695, ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ náà kò wó. Lójú tèmi, ẹwà rẹ̀ wà nínú àìdọ́gba yẹn: ibẹ̀ ni a ti ń rí i pé ìlú náà gbòòrò, ó sì fa àwọn ẹlòmíràn mọ́ra.