Kíndìnrín Tó Ní Ewu Nínú: Bí Aláìsàn Ṣe Ń Wò Ó

Iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ kíndìnrín ni ìtọ́jú tó dára jù lọ fún ọ̀pọ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà kì í sábà yọ àwọn tó ti bàjẹ́ kúrò. Ìsàlẹ̀ ikùn, lápá kan, lókè itan, ni wọ́n ń gbé tuntun sí. Wọ́n á so iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti aláìsàn, wọ́n á sì so ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀. Bí wọ́n bá ti tú ohun tí wọ́n fi dí iṣan náà, kíndìnrín tó ti funfun tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nígbà mìíràn, ìtọ̀ á ti máa kán kí wọ́n tó rán ikùn pa.

Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954 ni Joseph Murray ṣe àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere, ní ìlú Boston, láàárín ìbejì méjì tó jọra. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn St. Nicholas l'Ékòó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún 2002. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni Ilé-Ifẹ̀ àti Olúpọ̀nnà wà, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédiré lẹ́bàá Ìwó. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn òkè òkun fún ará Olúpọ̀nnà.

Kí a tó sọ̀rọ̀ ewu, ó yẹ kí a mọ ohun tí aláìsàn ń fi í wé. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni. Bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni aláìsàn ń lọ sídìí rẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí 4 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ sábà máa ń ní ibì kan tó wú lápá, níbi tí wọ́n ti so iṣan méjì pọ̀ kí abẹ́rẹ́ lè rí àyè wọlé. Bí ẹ bá gbé ìka lé e, ẹ ó mọ̀ ọ́n tó ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ awọ. Àìsówó ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa lọ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, àwọn mìíràn kì í sì í lè lọ mọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ láti Olúpọ̀nnà kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ewu ń gbà bá kíndìnrín tí a fi tọrẹ wọlé. Ó lè má pẹ́, bí ẹni tó fi tọrẹ bá ti dàgbà tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Ó sì lè gbé àrùn wọ ara ẹni tó gbà á, bíi mẹ́dọ̀wú tàbí HIV.

Ewu kan wà tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé oríṣi àbùdá APOL1 kan, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò àìsàn oorun jà, ló tún ń dá kún àrùn kíndìnrín. Ó wọ́pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà n'Íbàdàn fún ìwádìí àgbáyé. Ẹni tó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ni ewu rẹ̀ pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irú wọn ń lo ayé wọn láìní àrùn kíndìnrín rárá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fún àbúrò rẹ̀ ní kíndìnrín, èyí tó fi sílẹ̀ lè má pẹ́, èyí tó kù sí òun fúnra rẹ̀ lára sì lè rẹ̀wẹ̀sì. Mọ̀lẹ́bí ló sì sábà máa ń fúnni nílẹ̀ wa. Ohun tó ba ti aláìsàn jẹ́ lè wà lára ẹni tó fẹ́ gbà á là.

Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù aláìsàn wa fi máa ń jẹ́ nítorí ẹni tó fẹ́ fún un ju nítorí ara rẹ̀ lọ. Ìyá lè fún ọmọ ní kíndìnrín láìbojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní òun fẹ́ fún ìyá, ìyá á ní, "Èmi ti jẹun ayé. Bí nǹkan bá ṣe ìwọ, ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ rẹ?" Àwọn kan máa ń ka irú èsì yìí sí àìmọ̀kan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìyá náà ti wọn ewu, ó kàn wọ̀n ọ́n fún ẹlòmíràn ni. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀, Mùsùlùmí sì pọ̀ ní agbègbè Ìwó. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní Jeddah ti fọwọ́ sí fífi ẹ̀yà ara tọrẹ láti ọdún 1988, bí kò bá ti la títà lọ, tí kò sì ní gba ẹ̀mí ẹni tó fúnni.

Ní Amẹ́ríkà, ara òkú ni ọ̀pọ̀ kíndìnrín ti ń wá, ìbẹ̀rù wọn sì yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń lẹ àmì ewu mọ́ kíndìnrín ẹni tó gún oògùn olóró sára, bí àyẹ̀wò kò tilẹ̀ rí àrùn kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn gbọ́ orúkọ àmì náà, wọ́n kọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 tọpa àwọn tó kọ̀: láàárín ọdún 5, nǹkan bí 31 péré nínú 100 wọn ló rí kíndìnrín òkú tí kò ní àmì gbà. Wọ́n pa àmì náà rẹ́ lọ́dún 2020. Lọ́dún 2017, àwọn dókítà Yunifásítì Pennsylvania ròyìn aláìsàn 10 tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ní kíndìnrín tó ní kòkòrò mẹ́dọ̀wú oríṣi C. Oògùn wo gbogbo wọn sàn. Ní Cape Town, ní orílẹ̀-èdè South Africa, dókítà Elmi Muller bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 sí í fún aláìsàn tó ní HIV ní kíndìnrín òkú tó ní HIV. Nígbà tó ròyìn aláìsàn 27 lọ́dún 2015, ìṣírò wọn ni pé nǹkan bí 74 nínú 100 irú wọn á ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5.

Ohun tó ń yí ọkàn aláìsàn padà kò ṣòro láti rí. Ẹni tó ti dàgbà, tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ, tí agbára rẹ̀ ń tán lọ, máa ń gbà ju ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí dókítà ṣe là á yé e náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé "ewu wà níbẹ̀" nìkan á sá. Ẹni tí wọ́n sọ iye ewu náà fún, tí wọ́n sọ ohun tí wọn yóò ṣe bó bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì rán létí ewu dídúró sídìí ẹ̀rọ, á jókòó rò ó.

Ewu kan wà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í rí. Ẹni tó ń ta kíndìnrín lè fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ kí owó má bàa bọ́. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ka títà àti rírà léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8 fún Sẹ́nétọ̀ Ike Ekweremadu lọ́dún 2023, lórí ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n mú wá láti Èkó nítorí kíndìnrín rẹ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Royal Free ti kọ ọ̀dọ́kùnrin náà ṣáájú.

Ní ti mọ̀lẹ́bí tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn dókítà máa ń pe òun nìkan wọ yàrá, láìsí ẹ̀gbọ́n, láìsí ìyàwó, láìsí aláìsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á bi í bóyá ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Bí ó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ dókítà kò ní tú àṣírí rẹ̀. Ohun tí wọ́n á sọ fún ẹbí kò ju pé kò bá a mu lọ, aláìsàn á padà sídìí ẹ̀rọ, ẹbí á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn.