Ẹ Wo Ọrùn Ẹni tí Ó Ń Dá Aṣọ Fún Ni

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ìkìlọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí ṣe, pé kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n òwe náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí a kì í yẹ̀ wò: bí aṣọ ọrùn ẹni tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ bá ti gbó, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí i, ta sì ni yóò jìyà rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi wo iṣẹ́ kan tí èmi náà ti ṣe fún ọdún díẹ̀, èyíinì ni iṣẹ́ àwọn tí ń ti àwọn oníṣẹ́ ọnà adití àti àkàndá lẹ́yìn: àwọn ògbufọ̀ wọn, àwọn tí ń bá wọn gbé ẹrù, àwọn tí ń bá wọn kọ̀wé béèrè owó, àwọn tí ń wá gbọ̀ngàn tí kò ní àtẹ̀gùn káàkiri ìlú.

Àkàndá ni mo pè wọ́n. Mo mọ̀ pé "aláàbọ̀ ara" ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n àbọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń wọn gàrí. N kò mọ òṣùwọ̀n tí a fi wọn ènìyàn tí ó fi di àbọ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo ṣe ògbufọ̀ fún ayàwòrán kan tí ó jẹ́ adití, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni obìnrin náà jẹ́ fún mi. Láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo ti ń fi ẹnu sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ, tí mo sì ń fi ọwọ́ sọ ohun tí ẹnu àwọn àlejò ń sọ. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi dá àpárá kan nípa àwòrán tí ó yà sára ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú wọn, ó wo ojú mi, ó fa bébà yọ, ó sì kọ ọ́ sí i pé: "Kí ni o sọ fún wọn?"

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò sọ àpárá náà. Ó ti rẹ̀ mí. Kókó ọ̀rọ̀ ni mo mú, mo da ìyókù nù, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo da ohunkóhun nù. Nígbà tí ìpàtẹ parí, àwọn àlejò yí mi ká, wọ́n ń dúpẹ́ pé n kò jókòó láti òwúrọ̀, pé Ọlọ́run yóò san án fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà lápá kan, ó ń sọ àwọn àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Kò sí ẹni tí ó dúró lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyìn tí wọ́n yìn mí ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Àṣà wa fẹ́ràn olùrànlọ́wọ́ tí ó gbàgbé ara rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń rù tó ni a ṣe ń kan sáárá sí i tó. Ìyìn yìí ń ṣe ibi méjì. Ó ń pa ẹni tí a ń yìn, nítorí pé ojú yóò tì í láti sọ pé ó rẹ òun. Ó sì ń sọ oníṣẹ́ ọnà di ẹrù, nítorí pé ibi tí a bá ti ń yin alárù, ẹrù ni ẹni tí ó gbé. Bí a bá ń ka iṣẹ́ yìí sí àánú, a kò ní bi ẹni tí ń ṣe é ní wákàtí tí ó fi ṣe é, a kò sì ní bi ẹni tí a ń ṣe é fún bóyá a ṣe é dáadáa. Ta ni í yẹ ọrẹ wò bí olówó ṣe ń yẹ ọjà wò?

Àwa Yorùbá ní ìtàn kan tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni a máa ń mú jáde nínú rẹ̀. Ọbàtálá ni ó ń mọ ènìyàn. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà, òùngbẹ gbẹ ẹ́ níbi iṣẹ́, ó mu ẹmu, ẹmu pa á, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró mọ́; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní abuké, arọ, aràrá àti àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó gbà wọ́n ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Mo mọ̀ pé inú àkàndá lè má dùn sí ìtàn yìí, nítorí pé ó pè é ní àṣìṣe ọwọ́ ẹlòmíràn, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí èèwọ̀ bọ́ sí. Ọbàtálá fúnra rẹ̀ ni ó kọ ẹmu, àwọn tí ń sìn ín sì kọ̀ ọ́ títí di òní. Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òfin mú. Gbogbo wa ń gbọ́ ìtàn náà bí ìkìlọ̀ nípa ọtí. Èmi ń gbọ́ ìkìlọ̀ nípa òùngbẹ. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ yóò mu ohun tí ó bá kọ́kọ́ rí, ọwọ́ ẹlòmíràn kọ́ ni yóò sì gbọ̀n.

Níbi tí a ti ka ògbufọ̀ sí oníṣẹ́, wọ́n ti mọ èyí tipẹ́. Bí ìpàdé bá gùn, méjì-méjì ni àwọn ògbufọ̀ èdè ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, wọn a sì máa gbà á fún ara wọn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni. Ẹni tí ń ṣe ògbufọ̀ ń gbọ́ gbólóhùn kan, ó ń túmọ̀ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọpọlọ bá ti rẹ̀, àṣìṣe yóò máa wọlé, ẹni tí ń ṣe é kò sì ní mọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àpárá ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Nítorí náà, ìsinmi ògbufọ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn tí a fún un. Ẹ̀tọ́ adití ni, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé etí ayé bí ó ṣe sọ ọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ó máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́ nígbà gbogbo. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, adití ni òun náà. Yinka Shonibare, tí a bí ní London ní 1962 tí ó sì dàgbà ní Èkó, kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn sọ ọ́ di àkàndá. Kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, ó ṣiṣẹ́ ní Shape Arts ní London, àjọ tí ń ti àwọn àkàndá oníṣẹ́ ọnà lẹ́yìn. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ tí a ń pè ní Double Dutch, ti 1994. Dípò kí ó na aṣọ àwòrán ńlá kan tí yóò máa gùn tí yóò sì máa sọ̀ níwájú rẹ̀, pátákó kéékèèké 50 tí a fi àǹkárá bò ni ó ya àwòrán sí, ó sì tò wọ́n sórí ògiri tí a kùn ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí i pé iṣẹ́ náà tóbi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí apá kò ká nínú àwọn pátákó náà. Lẹ́yìn náà, ó ń lo ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ mìíràn, àwọn aránṣọ àti àwọn agbẹ́gi, kò sì fi pamọ́. Ìwọ̀n agbára ara ni ó fi díwọ̀n iṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì kéré nítorí èyí. Ní 2022 ni àjọ rẹ̀, G.A.S. Foundation, ṣí ibùgbé fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò ti ronú kí wọ́n sì ṣiṣẹ́.

Ẹgbẹ́ òṣèré Graeae ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Nabil Shaban àti Richard Tomlinson dá sílẹ̀ ní 1980, tún gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1997 ni Jenny Sealey, tí ó jẹ́ adití, di olùdarí rẹ̀. Nínú eré wọn, ògbufọ̀ kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle bí ẹni tí ó ṣìnà. Òṣèré ni, ó ń wọlé, ó ń jáde, èdè ọwọ́ sì jẹ́ ara ohun tí a wá wò. Ẹ fi èyí wé tiwa, níbi tí ògbufọ̀ ti ń dá dúró lábẹ́ iná tí kò tó, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí, tí a sì ń retí pé kí ó má mu omi.

Owó ni ẹlòmíràn yóò sọ pé ó fà á, kò sì parọ́. Láti 1994 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ètò Access to Work, tí ń san lára owó ògbufọ̀ àti olùrànlọ́wọ́ fún àkàndá tí ó ń ṣiṣẹ́, bí àwọn tí ń lò ó tilẹ̀ ń ráhùn pé ó ń pẹ́ púpọ̀. Ní tiwa, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn àkàndá ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní 2019, ó fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí àkàndá yóò gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Òfin dára. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé ìṣirò owó eré tí ó ti kọjá lọ́wọ́ mi, mo rí owó aṣọ, owó ìlù, owó oúnjẹ àwọn èèkàn ìlú. N kò rí owó ògbufọ̀ kejì rí.

Àtakò kan wà tí n kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́ arọ bi mí pé: "Ìwọ lè gba ìsinmi kúrò nínú iṣẹ́ yìí. Èmi ńkọ́? Ta ni yóò fún mi ní ìsinmi kúrò lọ́wọ́ àtẹ̀gùn?" N kò ní èsì tí ó tán ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé a kò gbọdọ̀ fi àpò oníṣẹ́ ọnà san owó ìsinmi olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ sinmi láìsí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, tí kò sì bá oníṣẹ́ ọnà sọ ọ́ ṣáájú, sísá ni ó sá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè jẹ́ ti ọkàn rere ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn tí ń pe eré, tí ń ṣí gbọ̀ngàn, tí ń náwó sí ìpàtẹ, àwọn ni kí wọ́n gbà pé ènìyàn méjì ni iṣẹ́ náà gbà, kí wọ́n sì san owó ènìyàn méjì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún ṣe ìpàtẹ, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún àwọn tí ó pè é pé òun kò ní wá bí ògbufọ̀ kò bá pé méjì. Wọ́n ráhùn, wọ́n sì san án. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó tún dá àpárá ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo wà lórí àga lẹ́yìn, mo ń mu omi, nígbà tí mo gbọ́ tí gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.