Ike Tó Ń Gbé Ọrùn Ẹsẹ̀ Ró

Lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, iwájú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kì í gbókè mọ́. Á máa wọ́ nílẹ̀, á sì máa kọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbóríyìn fáwọn tó ń ṣe ike agbẹ́sẹ̀ró. Wọn á fi POP (plaster of Paris) mú àwòkọ ẹsẹ̀ aláìsàn, wọn á fi iná rọ ike polypropylene lé e lórí, wọn á wá gé etí rẹ̀. Ibi gígé yìí gan-an ni ọgbọ́n wà: bí etí ike bá fà sẹ́yìn kókósẹ̀, á máa tẹ̀, bó bá kọjá síwájú rẹ̀, á le. Ní 2013, àwọn olùwádìí Sarah Tyson àti Ruth Kent kó ìwádìí 13 lórí irú ike yìí pọ̀, wọ́n sì rí i pé ìrìn àwọn tó wọ̀ ọ́ dára sí i lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé iṣan á di ọ̀lẹ. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, ṣùgbọ́n nígbà táwọn olùwádìí ní Netherlands yẹ iṣan ojúgun àwọn tó ń wọ̀ ọ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 26, iṣẹ́ rẹ̀ kò dín kù. Ti pé ike ń ha awọ ara, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń ha ara, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ló yẹ kí ike náà padà sí, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.